Kámẹ́rà Tìrẹ Ni, Orí Ẹlòmíràn Ni

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ fún mi láyè kí n jà lóṣù yìí. Ìjà náà ti pẹ́ níkùn mi, n kò sì lè gbé e mì mọ́. Àwọn tí mo fẹ́ bá jà kì í ṣe òṣèlú, kì í sì í ṣe ọlọ́pàá. Àwọn àbúrò wa ni, àwọn ayàwòrán òde ìnáwó, àwọn ọlọ́kadà tí ń ṣe fáàrí, àti àwa àgbà tí à ń rí wọn tí à ń dákẹ́. Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà kékeré ni, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara mọ́tò àti ọ̀kadà kí ó lè máa ya eré tí wọ́n ń sá. GoPro ni gbogbo wọn ń pè é, ìbáà ṣe GoPro, ìbáà ṣe ayédèrú rẹ̀. Ohun tí mo ní í sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: ẹni tó bá gbé nǹkan sí ara ohun tó ń sáré, tí kò dè é lẹ́ẹ̀mejì, òkò ló ń sọ lu aráàlú.

Kí ẹ má bàa ní mo ń fi ẹnu lásán sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ìyàwó ni a gbé ní Ọ̀kà Àkókó, ní àkókò ọyẹ́, ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ọ̀kà mọ̀ pé orí òkè ni ìlú náà wà, pé bí mọ́tò bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀nà Àkùngbá, àfi kí dírẹ́bà máa bá búréèkì sọ̀rọ̀. A ti jẹ, a ti jó, a wá tò sínú mọ́tò láti sin ìyàwó dé Ìkàrẹ́. Ọmọkùnrin ayàwòrán kan wá sí iwájú mọ́tò tí mo wà nínú rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu eruku orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó bó bébà ẹ̀yìn gọ́ọ̀mù, ó tẹ kámẹ́rà mọ́ ọn, ó fọwọ́ gbá a lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ń gbá ẹ̀yìn ọmọ tó ń sunkún, ó ní ó ti dúró. Mo rí eruku tó ṣẹ́kù. Mo rí i pé kò sí okùn kankan. Ẹnu ń yún mi, ṣùgbọ́n àlejò ni mí, n kò sì fẹ́ kí wọ́n pè mí ní aláròyé níbi ìyàwó. Mo dákẹ́.

Kò pẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ tí mo gbọ́ "gbàù!" lára gíláàsì iwájú. Kámẹ́rà ti ṣí. Ó gba gíláàsì, ó fò kọjá lórí òrùlé mọ́tò, ó lọ bá ọlọ́kadà tó ń tẹ̀ lé wa lójú. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ta ni yóò wá di ọwọ́ ọ̀kadà mú? Òun àti obìnrin tó gbé sẹ́yìn ṣubú sójú títì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkùnrin náà bẹ́. Obìnrin náà, iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló sì dá. Oṣù márùn-ún gbáko ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ fi wà lábẹ́ aṣọ, tí kò dún.

Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí ọmọkùnrin náà kọ́kọ́ ṣe? Ó sáré lọ wá kámẹ́rà rẹ̀. Nígbà tí mo bá a wí, ẹjọ́ mẹ́ta ló rò fún mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Kámẹ́rà mi ló fọ́, èmi ni mo jẹ gbèsè. Ẹ tún wò ó, nǹkan kékeré báyìí, ta ló mọ̀ pé ó lè ṣe èèyàn léṣe? Àti pé ṣé ẹ ò rí àwọn òyìnbó tí wọ́n ń fi mọ́tò sá eré lórí tẹlifíṣọ̀n ni? Gbogbo mọ́tò wọn ló ní kámẹ́rà lára."

N kò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà nítorí inú ń bí mi. Mo padà sílé, mo lọ kàwé, mo lọ bi àwọn tó mọ̀. Èsì ti wà lọ́wọ́ mi wàyí. Ẹjọ́ tó rò kẹ́yìn ni n ó fi bẹ̀rẹ̀.

Òótọ́ ni, àwọn òyìnbó ń gbé kámẹ́rà sára mọ́tò eré ìje. Mọ́tò tí ọmọ náà ń wí ni irú èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níta gbangba láìsí ìbòrí, tí kò ní òrùlé, tí orí awakọ̀ sì yọ síta bí orí ahun. Ẹ wò ó dáadáa, ìbátan ọ̀kadà ni: táyà níta, orí níta, atẹ́gùn lójú. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, ohun tó bá já lára ti iwájú, ojú ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ń lọ. Ìdí nìyí tí àwọn tó ni eré náà kì í fi ọ̀rọ̀ ìdè ṣeré.

Ní 1985, nínú ìdíje Jámánì tí wọ́n ṣe ní Nürburgring, Renault gbé kámẹ́rà sára mọ́tò tí François Hesnault wa. Lónìí, gbogbo mọ́tò Formula One ló ní in. Ṣùgbọ́n wọn kì í ya bébà ẹ̀yìn gọ́ọ̀mù kí wọ́n fọwọ́ gbá a. Òfin ló sọ ibi tí ilé kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà, àwọn tó ń ṣe mọ́tò náà sì ti fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó kan irin kan mọ́ òmíràn. Àní ibi tí kò bá sí kámẹ́rà gidi, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé òfìfo ilé kámẹ́rà síbẹ̀ kí gbogbo mọ́tò lè dọ́gba. Nínú àwọn ìdíje kéékèèké, níbi tí olúkúlùkù ti ń gbé kámẹ́rà tirẹ̀ wá, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ní kí o ti dè é tán kí àwọn tó ń yẹ mọ́tò wò tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Bó bá mì lọ́wọ́ wọn, wọn á ní kí o tú u kúrò. Ọ̀pọ̀ ni kì í sì í gbà kí ẹnikẹ́ni lẹ̀ ẹ́ mọ́ akoto. Ọmọ wa rí kámẹ́rà, kò rí bóòtù.

Kódà ẹni tó dá GoPro sílẹ̀, Nick Woodman ará Amẹ́ríkà, okùn ló fi bẹ̀rẹ̀. Ní 2002 tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, ohun tó ń wá ni bí ẹni tó ń fi pátákó gun ìgbì òkun yóò ṣe so kámẹ́rà mọ́ ọrùn ọwọ́ kí omi má gbà á lọ. Ó di 2004 kí kámẹ́rà tirẹ̀ tó dé ọjà. Okùn ṣáájú kámẹ́rà. Àwa ra kámẹ́rà, a ju okùn nù.

Ó kan ẹjọ́ kejì: "nǹkan kékeré báyìí." Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Àwa tí wọ́n bí sáàárín òkúta ní Àkókó yìí, ó yẹ kí a mọ̀ pé títóbi òkò nìkan kọ́ ni oró rẹ̀, bí ó ṣe ń sáré tó wà níbẹ̀. Kámẹ́rà irú èyí wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 150, kò tó odidi ọsàn ńlá kan. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ tó ń sá kìlómítà 200 ní wákàtí kan bá fi orí pàdé rẹ̀ níbi tó ti já bọ́, bákan náà ni ìyà rẹ̀ rí pẹ̀lú pé kí a dúró sí ibi tó ga ju mítà 4 lọ, kí a ju iṣu kílò 5 lé e lórí. Ta ni yóò gba iṣu bẹ́ẹ̀ sórí kó ní nǹkan kékeré ni?

Atẹ́gùn pàápàá ní ìṣirò tirẹ̀. Bí o bá sáré ní ìlọ́po méjì, agbára tí atẹ́gùn fi ń fa kámẹ́rà kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló ń dà. Bó o bá sáré ní ìlọ́po mẹ́ta, ó di mẹ́sàn-án. Nítorí náà, kámẹ́rà tó dúró dáadáa nígbà tí ẹ ń rọra yí ìgboro Ìkàrẹ́ ká kò tíì jẹ́rìí kankan fún ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ná.

Àwọn eléré ìje mọ èyí nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta 1977, ní Kyalami ní South Africa, ọ̀dọ́mọkùnrin òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà kan gbé agolo ìpaná, ó ń sáré sọdá láti lọ pa iná lára mọ́tò kan. Mọ́tò Tom Pryce, ọmọ Wales, kọlù ú, agolo ìpaná náà sì bá Pryce lórí. Àwọn méjèèjì kú lójú ẹsẹ̀. Ní oṣù Keje 2009, ọjọ́ mẹ́fà péré ló wà láàárín ìṣẹ̀lẹ̀ méjì. Ní ọjọ́ 19, ní Brands Hatch ní Ìlú Ọba, táyà tó já lára mọ́tò ẹlòmíràn bá Henry Surtees lórí, ọmọ ọdún 18, ó sì kú. Ní ọjọ́ 25, ní Hungary, irin sípíríǹgì kan tí kò tó kílò kan já lára mọ́tò Rubens Barrichello, ó bá Felipe Massa tó ń bọ̀ lẹ́yìn níbi akoto, agbárí rẹ̀ sì sán. Orí kó o yọ, ṣùgbọ́n kò tún bá wọn díje mọ́ lọ́dún náà. Ní oṣù Kẹjọ 2015, ní Pocono ní Amẹ́ríkà, ègé imú mọ́tò tó kọlu ògiri bá Justin Wilson lórí, ó sì kú lọ́jọ́ kejì. Kò sí kámẹ́rà nínú gbogbo èyí, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n orí kì í béèrè orúkọ ohun tó bá a.

Ẹjọ́ àkọ́kọ́ ló ṣẹ́kù, òun ló sì ń bí mi nínú jù: "Kámẹ́rà mi ni." Àbúrò, tìrẹ ni lóòótọ́ nígbà tó wà lápò rẹ. Gbàrà tó bá já lára mọ́tò, kì í ṣe tìrẹ mọ́, ti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni. Ìwọ pàdánù owó, télọ̀ pàdánù ọwọ́. Ẹ wo ohun tí àwọn Formula One ṣe sí táyà wọn. Nọ́ọ̀tì ńlá ló mú táyà náà, nọ́ọ̀tì tí agbára ọwọ́ èèyàn kò lè tú. Síbẹ̀, láti 1999, òfin ní kí wọ́n tún fi okùn líle so ibi tí táyà jókòó lé mọ́ ara mọ́tò, kí ó má bàa fò lọ bí mọ́tò bá fọ́. Ìyẹn náà kò tó. Táyà tó já pa òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà kan ní Monza ní 2000, ó pa òmíràn ní Melbourne ní 2001. Láti 2011, táyà kọ̀ọ̀kan di olókùn méjì. Okùn yẹn kì í ṣe nítorí táyà. Táyà kì í ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wọn. Nítorí ẹni tó dúró létí ọ̀nà ni. Bí táyà tí nọ́ọ̀tì mú bá nílò okùn méjì, kí ni a ó ti wí nípa kámẹ́rà tí gọ́ọ̀mù mú?

Kí wọ́n má wá sọ pé mo mọ̀ ọ́n bú, n kò mọ̀ ọ́n kọ́. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dè é, nítorí ọgbọ́n náà kò ṣàjèjì sí wa.

Ìyá wa tó gbé agbọ̀n iṣu láti oko, ó fi òṣùká sórí. Òṣùká ń jẹ́ kí ẹrù jókòó, ṣùgbọ́n bó bá dé ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọwọ́ ló fi ń di ẹrù mú. Gọ́ọ̀mù ni òṣùká, okùn ni ọwọ́. Ẹlẹ́mu tó wà lórí ọ̀pẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lára igi, igbà sì tún gbá a lẹ́yìn. Bí ẹsẹ̀ bá yọ̀, igbà kò ní jẹ́ kó jábọ́. Kò sí ẹlẹ́mu tó máa ní ẹsẹ̀ òun dára tó, kó wá fi igbà sílé.

Nítorí náà, ìdè àkọ́kọ́: irin ni kí o fi mú un, kì í ṣe gọ́ọ̀mù, níbikíbi tí irin bá wà. Lára mọ́tò eré ìje, ibi tó dára jù ni ọ̀pá irin tó tẹ̀ kọjá lẹ́yìn orí awakọ̀, èyí tó ń dáàbò bò ó bí mọ́tò bá dojú dé. Ohun tó bá já níbẹ̀ kì í padà wá bá a lójú. Kì í ṣe imú mọ́tò, nítorí ohun tó bá já níbẹ̀, awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń bá. Kì í ṣe àwọn apá irin tó mú táyà, nítorí ìyẹn kì í sinmi gbígbọ̀n, gbígbọ̀n sì ni ọ̀tá bóòtù. Fi pẹlẹbẹ rọ́bà sáàárín irin àti irin, fi nọ́ọ̀tì tó ní rọ́bà nínú dè é kí ó má bàa máa tú fúnra rẹ̀. Jẹ́ kí ọrùn tó gbé kámẹ́rà kúrú, torí pé ọrùn gígùn ló ń mì tó ń kán. Dì í mú, kí o mì í: bí mọ́tò bá mì pẹ̀lú rẹ̀, ó ti dúró. Bí kámẹ́rà nìkan bá mì, padà lọ mú sípánà.

Bí ó bá di dandan kí o lo gọ́ọ̀mù, fi sípírítì nu ojú ibẹ̀ títí tí aṣọ funfun kò fi ní dọ̀tí mọ́, tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kí o fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24 kí mọ́tò tó gbéra. Èyí tí ń fi ẹnu rọ́bà fa ara mọ́ gíláàsì, eruku ọyẹ́ àti oòrùn ọ̀sán kì í jẹ́ kó pẹ́ kó tó tú.

Ìdè kejì ni okùn, òun sì ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé yìí. Wáyà búréèkì kẹ̀kẹ́ tó lọ́wọ́ ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe tó fún un. Kì í ṣe ẹsẹ̀ gọ́ọ̀mù ni kí o so ó mọ́, torí bí ẹsẹ̀ bá kán, kámẹ́rà lọ nìyẹn. Ara ilé tó gbé kámẹ́rà gan-an ni kí o so ó mọ́. So ìdí kejì mọ́ irin mọ́tò, níbi tó yàtọ̀ sí ibi tí ìdè àkọ́kọ́ wà. Kí ó sì kúrú! Okùn tó gùn á gbé kámẹ́rà lọ sábẹ́ táyà, tàbí kó máa fi í na awakọ̀ lórí. Ẹ̀yin ọlọ́kadà náà, tiyín kò yàtọ̀: ara irin ni, níbi tí kò ní dí búréèkì lọ́wọ́, kì í ṣe orí akoto, wáyà kúkúrú sì gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀.

Àwọn kan á ní, "Akọ̀ròyìn yìí mà le o, nítorí kámẹ́rà lásán." Kì í ṣe kámẹ́rà lásán. Ìwà wa ni. Ní oṣù Kẹsàn-án 2015, kọ̀ńténà já bọ́ láti orí afárá Ojúẹlẹ́gba ní Èkó, ó pa ènìyàn mẹ́ta. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní 2023, ní Ojúẹlẹ́gba yìí kan náà, òmíràn wó lu bọ́ọ̀sì, ènìyàn mẹ́sàn-án kú. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún kọ̀ńténà ní ohun tí a fi ń tì í ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ dúró létí ọ̀nà kí ẹ ka iye èyí tó ń kọjá tí wọn kò tì. "Kò ní já" ni gbogbo wọn ń sọ. Ọmọ tó lẹ kámẹ́rà láìsí okùn lónìí, tó sì rí i pé kò sẹ́ni tó bá òun wí, òun náà kọ́ ló máa wa tírélà lọ́la?

Àwọn mìíràn á ní mo fẹ́ dí ọ̀dọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́. Rárá o. Àwòrán ni èmi náà ń jẹ. Mo fẹ́ kí gbogbo ayé rí òkè Ọ̀kà bí ó ṣe ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ó rẹwà púpọ̀. Owó wáyà tí mo wí yìí kò tó owó àwo ìrẹsì kan níbi ìnáwó tí wọ́n pè ọ́ sí. Kí ni ó wá dí ọ lọ́wọ́?

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Ẹ̀yin tó ń tà á, ẹ má ta gọ́ọ̀mù láìta okùn mọ́ ọn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọlọ́kadà àti ẹgbẹ́ ayàwòrán, ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa fọwọ́ mì í wò kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, bí ẹ ṣe ń wo táyà, ẹ máa wo èyí náà. Ẹ̀yin dírẹ́bà, mọ́tò yín ni. Kò sí ayàwòrán tó lè fi ipá lẹ nǹkan mọ́ ọn.

Àti àwa àgbà. Ọmọkùnrin yẹn jẹ̀bi, ṣùgbọ́n òun kò mọ̀. Èmi rí eruku, mo rí i pé kò sí okùn, mo sì gbé ẹnu mi dání lọ jókòó sẹ́yìn mọ́tò nítorí ojú tì mí. Mo ti lọ kí télọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ti padà sídìí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ó ní bí òtútù bá mú, ọwọ́ náà kì í tètè di àlùmọ́gàjí mú. N kò tíì lè sọ fún un pé mo ti rí i kó tó ṣẹlẹ̀. Ó máa kà á níbí.